Adésànyà Aṣọ́bodè Kò Bọ̀ Wálé

Nínú gbogbo ohun tí Ṣùkúrù Adésànyà ṣe láyé, ọjọ́ tó dá ọkọ̀ onísírénì dúró ni gbogbo Eliozu ní Port Harcourt ń rántí jù. Mùbárákù àbúrò rẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn náà níwájú òun, nítorí ẹ̀yìn táǹkì omi ni òun sá sí nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ọdún 2011 ni. Ṣùkúrù ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè nígbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ́bodè kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ilé ti kún àdúgbò wọn nínú Port Harcourt débi pé àwọn ọmọdé kò ní pápá ìṣeré kankan mọ́, àfi ojú títì. Ṣùkúrù bá yí àgbá méjì lọ sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò, ó fi ọparun gígùn kan dábùú wọn, ó gbé àga oníke síbẹ̀, ó dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó ní láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́fà, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá, kí àwọn ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ìjọba kò fún un láṣẹ. Òun náà kò sì bèèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkọ̀ ti há mọ́ra wọn ní East-West Road, ni ọkùnrin ńlá kan bá ní kí àwọn ọlọ́pàá òun gba inú àdúgbò kọjá. Jíìpù mẹ́ta ni wọ́n, sírénì ń han gooro. Wọ́n bá ọparun lọ́nà. Ọlọ́pàá kan fò bọ́ sílẹ̀ tìbọn-tìbọn.

"Baba, comot this stick!"

Ṣùkúrù wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Officer, good evening. E remain small. Na penalty dem wan play."

"Penalty? You know who dey inside that motor?"

"I no know am. Na referee?"

Lẹ́yìn táǹkì, Mùbárákù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímọ́. Ó ti rí i pé bí wọ́n bá yìnbọn fún ẹ̀gbọ́n òun, òun ni yóò gbé òkú rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò mọ ohun tó ń lọ. Wọ́n gbá pẹnáritì náà. Nengi, ọmọbìnrin aládùúgbò kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ló ń ṣọ́ ojú ilé. Ó na ẹsẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù dànù, bọ́ọ̀lù sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ jíìpù àárín.

Àwọn ọmọ sáré tẹ̀ lé e, wọ́n sì dúró nígbà tí wọ́n rí ìbọn. Gíláàsì jíìpù náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ohùn kan sì wí láti inú pé, "Abeg, give the pikin dem ball." Ọlọ́pàá náà gbé ìbọn fún ẹnìkejì rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ nínú eruku, ó fà á yọ. Bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ sí wọn báyìí, Ṣùkúrù na ọwọ́ dá a dúró.

"No throw am o," ló wí. "Na corner. Carry am go that side."

Kì í ṣe ìgbafẹ́ ló gbé Mùbárákù wá sí Port Harcourt lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ní ọdún 2000, nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ó di Mùbárákù mú lọ́rùn ọwọ́ lórí ẹní, ó ní, "Mùbárákù, má jẹ́ kí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ẹ sáàárín àjèjì. Lọ mú un wálé fún mi." Mùbárákù ní òun gbọ́. Ó rò pé ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò mọ̀ pé òun ti gba iṣẹ́ tí yóò ṣe di arúgbó.

Ohun tó bí ìyá wọn nínú ni pé lọ́dún tó ṣáájú, Ṣùkúrù ti ra ilẹ̀ sí Eliozu. Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ bó ṣe rà á. Ìdílé Ikwerre kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ni ilẹ̀ náà, Bàbá Worlu sì ni àgbà wọn. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ iye, ó wá ku àṣà: kí ẹni tó ń rà gbé ọtí líle wá, kí wọ́n ta á sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wọn. Ṣùkúrù kì í fọwọ́ kan ọtí. Ó gbé Fáńtà wá, páálí lórí páálí.

Bàbá Worlu wo Fáńtà náà títí. "Customs," ló wí, "our fathers no dey drink this one."

"Chief, which one dem dey drink?"

"Hot drink. Schnapps."

"Ehen. That schnapps, na ship bring am. Me I dey work for Onne port, I sabi everything wey ship dey bring. Your great-grandpapa die before that ship land. Who come teach am drink inside ground?"

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan wúkọ́. Bàbá Worlu mú ìgò kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "This one, e sweet?" Ṣùkúrù ní ó dùn. Bàbá Worlu ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó ta ìyókù sílẹ̀, ó pe àwọn baba rẹ̀ lórúkọ, ilẹ̀ sì di ti Ṣùkúrù. Láti ọjọ́ náà, èèrà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá Worlu mọ́.

Ọdún 2001 ni Mùbárákù kọ́kọ́ wá nítorí iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rán an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní East-West Road, ó mú un gba inú koríko tó dé ìdí, ó ń fi ọ̀pá júwe bí ẹni tó ń fi ààfin han àlejò. Pákó ni Mùbárákù ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó mọ igbó bí ó bá rí igbó.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ìlú tí ẹ ní ẹ ń gbé yẹn wà?"

"Inú rẹ̀ lo wà yìí. Wo ọ̀hún," ó nawọ́ sí oko ẹ̀gẹ́, "ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nìyẹn. Èyí," ó nawọ́ sí òkìtì ikán kan, "bánkì ni."

"Orí ti ń fọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Níbo ni a ti lè rí oògùn rà?"

"Rọra o," ni Ṣùkúrù wí, "àtẹ̀gùn ilé oògùn lo tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Ohun tó wá ń dun Mùbárákù ni pé gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ. Nígbàkígbà tó bá wá, yóò bá ohun kan tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ilé-ìwé dé, àwọn ọmọ oníyúnífọ́ọ̀mù sì kún ibi tí ẹ̀gẹ́ wà. Bánkì dé. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ epo àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó kúrò láàárín ìlú wá síbẹ̀ tọmọ-tọmọ, nítorí ó rọrùn, ó sì ní atẹ́gùn. Ilé oògùn náà dé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Motọ́lání ló ṣí i. Lọ́jọ́ ìṣílé, Ṣùkúrù wọlé lọ bá a pẹ̀lú ìbànújẹ́ lójú.

"Ẹ kú oríire, ìyáàfin. Ẹ kàn ṣèèṣì ni. Apá ọ̀hún ni mo fi yín sí."

Kò sí ohun tó jẹ́ ti Port Harcourt tí wọ́n lè bú níwájú rẹ̀. Mùbárákù ra bọ̀lì nígbà kan, wọ́n fi ẹja yíyan àti ata sí i fún un. Ó ní níbo ni ẹ̀pà wà, pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ bọ̀lì nílé àwọn. Ṣùkúrù wò ó tàánú-tàánú. Ó ní, "Ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbi tí ẹja ò bá sí."

Bí ó ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tó yìí, àwọn ọdún kan wà tí ẹ̀rín kò rọrùn. Ní 2007, ìbọn ń dún nínú ìlú, wọ́n ń jí ènìyàn gbé, ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti di ẹrù wọn, wọ́n ti padà sílé. Mùbárákù ní àkókò ti tó. Ó gbé lọ́rì tí ó fi ń kó pákó, ó wà á fúnra rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Eliozu, ó ní òun kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun ṣáà di ẹrù.

"Ó dáa," ni Ṣùkúrù wí. "Lọ sùn. Wàá bá ẹrù nínú lọ́rì láàárọ̀."

Mùbárákù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jí, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kó ẹrù sínú lọ́rì lóòótọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni, odidi ìtì-ìtì, àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ láti Abuloma.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yín dà?"

"Òun lò ń wò yẹn. Kó o fún àwọn ará ilé. Sọ fún wọn pé ẹni tí ebi ń pa kì í rán lọ́rì wá gbé ẹni tó yó."

Mùbárákù yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ ò gbọ́ ìró ìbọn ni?"

Wàsílátù ń gbálẹ̀, kò dúró. "Ọkọ mi kékeré," ló wí, "mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ bẹ inú lọ́rì yẹn wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ìkòkò mi kan níbẹ̀, ẹ yáa gbé e sílẹ̀, nítorí mi ò mọ̀ nípa ẹ̀."

Ṣùkúrù mú àbúrò rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó nawọ́ sí ilé iwájú, níbi tí Tamunotonye, olùkọ́ kan, ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. "Wò ó, Mùbá. Ọkùnrin yẹn ò ní ìlú mìíràn tó máa sá lọ. Ibí ni tirẹ̀. Nígbà tí ibí dùn, a jọ jẹ ẹ́. Ó wá korò díẹ̀, kí n gun lọ́rì?" Mùbárákù nìkan ló gun lọ́rì. Ó wa lọ́rì padà sílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, ìtìjú níwájú. Àwọn ará ilé tó ń retí kí ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì bi í pé ìgbà wo ló tún ń padà lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 2017, ẹ̀fín dúdú àwọn tó ń se epo rọ̀bì níkọ̀kọ̀ bo ìlú. Bí èèyàn bá fi ìka nu ojú tábìlì, ìka á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ènìyàn kò wọ aṣọ funfun mọ́. Ìgbà náà gan-an ni Ṣùkúrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ funfun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, agbádá, ṣòkòtò, fìlà, títí kan bàtà. Yóò jáde lọ kírun bíi lékèélékèé, yóò padà wọlé bí ẹyẹ awó.

Mùbárákù, tó wá kí wọn, wo Wàsílátù níbi tó ti ń fọ agbádá náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú wọ dúdú, kí gbogbo wa sinmi?"

"Tí mo bá wọ dúdú," ni Ṣùkúrù wí, "ẹ̀fín ló borí. Ẹ̀fín ò lè yan aṣọ fún mi."

"Ẹ̀fín ò yan aṣọ fún un," ni Wàsílátù wí nídìí ọpọ́n, "èmi ló yan ọṣẹ fún."

Ọdún 2021 ni Mùbárákù wá gbẹ̀yìn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láyé. Orúnkún Ṣùkúrù kò gbé e dáadáa mọ́, Mùbárákù fúnra rẹ̀ ti fi lọ́rì lé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ọdún yìí, Mùbárákù kò tíì sọ ẹni tó rán an gan-an. Ó máa ń sọ pé àwọn ará ilé ni. Lọ́jọ́ náà ó sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ni. Ìgbà tí wọ́n ń lọ ni. Wọ́n ní n má ṣe jẹ́ kí wọ́n sin yín sáàárín àjèjì."

Ṣùkúrù yíjú sí i. Máńgòrò kan já bọ́, kò sí ẹni tó wò ó.

"O ti ń gbé e kiri látìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà tiẹ̀ lórí kunkun o." Ó fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀. "Ìyá ò dé ibí rí, Mùbá. Ká ní wọ́n dé ibí rí ni, èmi àti Ìyá lo ò bá máa wá bẹ̀ pé ká bọ̀ wálé."

Ó jáde láyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Keje, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Wàsílátù pe Mùbárákù, Mùbárákù sì wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ọ̀nà Port Harcourt sì jìn. Nígbà tó fi máa dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti sin ín. Mùbárákù ti to ọ̀rọ̀ ìbínú jọ láti Ọ̀rẹ̀ títí dé Patani. Ó wọlé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyàwó wa, ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Wàsílátù sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú ọgbà ilé ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Kòtò náà kò tíì dé orúnkún tí omi fi sun kún un. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé, tí wọ́n ti di géńdé, ló ń gbẹ́ ẹ. Wọ́n fi garawa gbọ́n omi, wọ́n tún gbẹ́ ọ̀tọ̀, omi tún sun. Ààfáà ní àwọn kò lè tẹ́ ẹ sínú omi. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ní bóyá ilẹ̀ ló ń sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

"Bàbá Worlu ló dá a lóhùn," ni Wàsílátù wí. "Wọ́n ti darúgbó gan-an, ọmọ ọmọ wọn ló dì wọ́n mú wá. Wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Wọ́n ní, 'Who talk that one? We get dry ground.' Ibi gíga tí àwọn baba tiwọn sùn sí ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀."

Ìbínú tí Mùbárákù tò jọ kò rí ibi tó máa jókòó. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n mú òun lọ.

Ibẹ̀ ga lóòótọ́, erùpẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó gbẹ. Sàréè àwọn ará ìdílé Worlu tò tẹ̀ léra, gbogbo wọn dojú kọ apá kan náà. Ọ̀kan tuntun wà láàárín wọn tó dábùú, nítorí ààfáà ti kọ ojú rẹ̀ sí Kíbúlà. Bàbá Worlu ti wà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá. Ó na ọ̀pá náà sí sàréè tó dábùú.

"See your brother," ló wí. "Even for here, e no gree follow people."

Wàsílátù kọ́kọ́ fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tí ẹ̀rín kọ̀ tí kò dúró, ó jẹ́ kó jáde. Mùbárákù fẹ́ bínú sí wọn, ṣùgbọ́n ètè tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n.

Bàbá Worlu wá ṣàlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdílé àwọn máa ń ro koríko ibẹ̀, wọ́n á sì dúró pe gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, àgbà kan á sì kọ́ àwọn ọmọdé títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Wọn kì í fo ẹnikẹ́ni.

"Him papa, we know. Adésànyà. But him mama, I ask him wife yesterday, e say make I wait for you. Wetin be him mama name?"

Mùbárákù yíjú wo Bàbá Worlu. Látìgbà tí ìyá wọn ti lọ, kò sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ obìnrin náà rí. Nílé gan-an, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń tán.

"Sàlámọ́tù," ló wí. "Sàlámọ́tù Àṣàkẹ́."

"Sala-mo..." Ahọ́n arúgbó náà kọsẹ̀. Ó tún un wí. Mùbárákù rọra bá a tọ́ ọ, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Bàbá Worlu kò juwọ́ sílẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó tún gbé e sẹ́nu, títí tí orúkọ náà fi dún gedegbe lórí òkè náà ní Eliozu: Sàlámọ́tù Àṣàkẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó dì í mú náà tẹnu bọ̀ ọ́, ó pè é.

Mùbárákù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Worlu fún un láyè, kò pẹ́ ó tún tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"And you, wetin be your own correct name? Make we know where we go put you."

"Èmi kẹ̀?" Yorùbá ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Mùbárákù. "Chief, I never talk say I dey come o!"

"I hear you," ni Bàbá Worlu wí. "But the place dry."

Mùbárákù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fa omijé, kò sì nu ún. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí erùpẹ̀ pupa náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ara rẹ̀ fún arúgbó náà, díẹ̀díẹ̀, kó lè mú un dáadáa.